Sùn Ni Mo Pè

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ ní nǹkan kan kó o tó tẹ̀ síwájú. Má ka ìtàn yìí sókè. Ojú ni kó o fi kà á, kó o pa ẹnu dé. Mi ò mọ irú ilé tó o wà, mi ò sì mọ ohun tí wọ́n kàn mọ́ ògiri ibẹ̀. Tí ẹ̀rọ kan bá wà nítòsí rẹ tó máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀, kódà kó jẹ́ èyí kékeré tó kàn ń tan fáànù, jọ̀ọ́, jáde síta, lọ kà á lábẹ́ igi. Ọ̀rọ̀ méjì kan wà nínú ìtàn yìí tí wọ́n jọra wọn. Ẹnu tó bá ń gbọ̀n kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Mo ti kìlọ̀ fún ọ o. Èmi náà fi ọwọ́ kan bo ẹnu bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Ó dáa. Bó ṣe lọ nìyí.

Ọjọ́bọ̀ ni. Láti àárọ̀ ni omi kò ti yọ nílùú Omítútù, àwọn èèyàn sì ti to kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀ láti ẹnu géètì Ilé Ẹ̀dà, níbi tí wọ́n ń tọ́jú ohùn àti ìrántí àwọn òkú sínú àpótí, títí dé ìdí igi àgbálùmọ̀. Wọn kò pariwo. Wọ́n kàn ń wo géètì. Àyìnkẹ́ gba àárín wọn kọjá, ó ń kí wọn, àwọn kan dáhùn, àwọn kan ò dáhùn. Obìnrin kan tó pọn ọmọ sọ ọ́ síta, bí ẹni tí kò bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀:

"Àwọn òkú ń jẹ iná, àwa ń jẹ eruku."

Àyìnkẹ́ sáré wọlé. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta ni, ìwé mẹ́fà ló kà, ẹ̀rù sì máa ń tètè bà á. Tí èèyàn bá pè é lójijì, á kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, bóyá ó tẹ nǹkan mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ohùn. Ohùn yẹn ló fún un níṣẹ́.

Nínú yàrá àbáwọlé, ó wọ súwẹ́tà méjì lé ara wọn, nítorí odò tútù tí wọ́n ń fà gba abẹ́ ilé náà kì í bá èèyàn ṣeré. Ó da omi gbígbóná látinú fúláàsì, ó bu iyọ̀ sí i, ó fi fọ ọ̀fun. Làmídì, ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ń wò ó láti orí àga onírin.

"Ìyá Mótún, ẹ rọra pẹ̀lú iyọ̀ yẹn. Láìpẹ́, a ò ní mọ ẹ̀yin yàtọ̀ sí ẹja gbígbẹ."

"Ṣe tìẹ, jàre. Ó kéré tán, ẹja gbígbẹ kì í sọ ìsọkúsọ láàárọ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́, torí pé Etí ti tàn.

Etí ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ náà. Ó rí rogodo bí asẹ́ tí wọ́n kàn mọ́ ògiri. Ní àràárọ̀, ẹni tó máa pe ọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà gbọ́dọ̀ dúró níwájú rẹ̀ kó fi ohùn hàn án. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni.

"Jí," ni Àyìnkẹ́ wí.

Iná aláwọ̀ ewé tàn.

"Sùn."

Iná aláwọ̀ ewé.

Ó mí kanlẹ̀ kó tó pe ẹ̀kẹta. Kò sẹ́ni tó fẹ́ràn àtipe ẹ̀kẹta yẹn.

"Sun."

Iná pupa tàn, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó di aláwọ̀ ewé. Etí ti gbà á.

Lókè orí Etí ni wọ́n lẹ ìwé òfin mọ́, lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà: ISE ILE EDA META NI: JI, SUN, SUN. Kò sí àmì kankan lórí rẹ̀. Ẹ̀rọ tó mọ ohùn gbọ́ bẹ́ẹ̀ kò mọ ohùn kọ, bó ṣe wá láti ibi tí wọ́n ti ṣe é nìyẹn. Làmídì máa ń sọ pé ìjọba fẹ́ kí àwọn òkú sùn lẹ́ẹ̀mejì kó lè dá wọn lójú.

"Mélòó lónìí?" ni Àyìnkẹ́ bi í.

"Mọ́kànlélógójì. Gbogbo èyí tó ṣẹ́ kù tó ṣì jí. Kò ní sí èyí tí èèyàn máa bá sọ̀rọ̀ mọ́ tó máa dáhùn. Wọ́n ní ẹ̀dà kan tó jí, iná tó ń jẹ lójoojúmọ́ lè fa omi fún ilé mẹ́fà. Ẹ̀yin náà ẹ wo àwọn èèyàn tó wà níta yẹn."

"Mo rí wọn. Gbogbo wọn á lọ sùn lórí pẹpẹ, àbí? Kò sí ti ààrò, kò sí èyí tí a máa sun?"

"Ti ààrò kọ́. Ààrò ti jẹ tiẹ̀ lésìí."

Lésìí, ohùn Àyìnkẹ́ ni wọ́n lò. Nígbà kan, ẹ̀dà mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n máa ń pa mọ́ fún òkú kọ̀ọ̀kan, ní ìlú mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kó má bàa di pé àgbàrá kan tàbí iná kan gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Nígbà tí ọ̀dá wọ ọdún kejì, òfin ní kó ku ẹyọ kan ṣoṣo, wọ́n sì kó ti àwọn ará Omítútù wá sílé. Ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pe "sun" títí ahọ́n rẹ̀ fi wú. Méjì nínú ti Adìgún ọkọ rẹ̀ wà lára wọn. Ẹyọ kan tó kù ń sùn lórí pẹpẹ kẹsàn-án. Ó lè di ojú kó rìn débẹ̀.

"Ẹni kẹrìndínlọ́gbọ̀n," ni Làmídì wí, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ ti rí orúkọ yẹn?"

Ó ti rí i. Mopélọ́lá Akínlùyì.

*

Bàbá Akínlùyì dé lẹ́yìn aago kan ọ̀sán. Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Bó ṣe máa ń ṣe ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, ó gbé àpótí ìjókòó onípákó kékeré kan dání, torí kò fẹ́ràn àga onírin wọn. Ó wọ bùbá àti ṣòkòtò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀.

Tíṣà orin ni. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé Omítútù ní dò, re, mí, Àyìnkẹ́ sì wà lára wọn. Òun ló sọ fún àwọn ìjọba nígbà yẹn pé tí wọ́n bá ń wá ẹni tí ohùn rẹ̀ kì í ṣìnà, kí wọ́n lọ mú ọmọbìnrin tó ń ta epo ìdáná lẹ́bàá odò. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, nígbà tí ìwé òfin dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ilé Àyìnkẹ́ ló kọ́kọ́ wá. Kò sọ púpọ̀. Ó ní, "Ìwọ ni kó o pè é. Má jẹ́ kí ẹlòmíràn pè é." Àyìnkẹ́ kúnlẹ̀, ó ní òun gbọ́.

Òfin ní ẹnu méjì gbọ́dọ̀ wà nídìí àpótí kọ̀ọ̀kan, ẹni tó pè é àti ẹni tó gbọ́ ọ, torí pé ìwé kò lè ya àwọn ọ̀rọ̀ náà sọ́tọ̀. Làmídì ló gbọ́ fún gbogbo àwọn tó ti lọ láti àárọ̀. Bàbá ní òun fúnra òun lòun máa gbọ́ tọmọ òun. Wọ́n fún un ní ìwé, ó fọwọ́ sí i, ó gbé ìjókòó rẹ̀ síwájú àpótí náà, ó jókòó.

"Mopélọ́lá."

"Bàbá mi! Ẹ pẹ́ lónìí. Ẹ ti jẹun?"

"Mo jẹ ẹ̀bà láàárọ̀."

"Ẹ̀bà láàárọ̀? Ta ló gbà yín láyè?"

"Èmi àti ta ló wà nínú ilé tó fẹ́ dá mi lẹ́kun?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kún inú gbọ̀ngán tútù yẹn. Ọwọ́ mítà tó wà lára ògiri gbéra díẹ̀, ó tún sọ̀ kalẹ̀. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí Mopélọ́lá bá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín rẹ̀ máa ń fa iná ju ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

"Omi ńkọ́? Ṣé ó yọ?"

"Kò yọ," ni Bàbá wí.

Ẹ̀rín ti kúrò lóhùn Mopélọ́lá. "Àwa la fà á, àbí?"

Bàbá ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Àǹtí Àyìnkẹ́, mo mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀. Àwa la fà á, àbí?"

"Ọ̀dá ni," ni Àyìnkẹ́ dáhùn. "Ọ̀dá ló fà á."

"Ẹ ò mọ irọ́ pa rárá. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ yín." Ó tún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èyí kéré. "Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n lọ sùn. Ṣé mo máa lá àlá?"

Wọn kò kọ ìyẹn sínú ìwé òfin. Bàbá ló dá a lóhùn.

"Wàá lá àlá."

"Kí ni mo máa lá?"

"Òjò. Òjò ńlá, tí gọ́tà á kún, tó ò fi ní lè lọ síléèwé."

"Ìyẹn dáa. Tí òjò ọ̀hún bá dé lóòótọ́, ẹ wá jí mi. Bàbá, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ jù o. Mi ò fẹ́ jí kí n máa pe ẹni tí kò sí nílé mọ́."

"Mo gbọ́, ọmọ mi."

Bàbá yí ojú sí Àyìnkẹ́. Ojú rẹ̀ gbẹ. Ohùn tíṣà ló fi sọ̀rọ̀, ohùn tó máa ń lò tó bá di ọ̀pá mú níwájú bọ́ọ̀dù.

"Èwo ni?"

"Dò ni, sà."

"Dò. Jẹ́ kó wálẹ̀ pátápátá, bí ìgbà tó o sọ ẹrù kalẹ̀. Má jẹ́ kó dúró ní re. Ti ààrò ni re."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Làmídì ti dé lẹ́yìn Àyìnkẹ́. Ó fi ìka kan súwẹ́tà rẹ̀.

"Ìyá Mótún, ẹ gbé e fún mi."

"Kí nìdí?"

"Ojú yín ti pọ́n. Ẹ̀yin náà mọ òfin. Ẹni tí omi bá wà lójú rẹ̀ kò gbọdọ̀ pè."

"Mo ti ṣèlérí fún wọn."

"Ọ̀rọ̀ ìlérí kọ́ lèyí. Ọ̀rọ̀ ohùn ni."

"Làmídì, jọ̀ọ́. Lọ pa fáànù pẹpẹ kẹta, ó ń pariwo sí mi létí."

Làmídì wò ó. Ó wo Bàbá. Ó mi orí, ó lọ.

Àyìnkẹ́ dúró níwájú Etí. Ó pe nọ́ńbà, ó pe orúkọ. Ó rò ó lọ́kàn kó tó la ẹnu: dò. Bí ìgbà téèyàn sọ ẹrù kalẹ̀. Ó rò ó dáadáa, mo fẹ́ kó o mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹkún tó ti ń gbé mì láti àárọ̀ dìde, ó dúró sí i lọ́fun, ó sì ti ọ̀rọ̀ náà sókè díẹ̀. Díẹ̀ báyìí ni. Bí ẹni tó fẹ́ sọ pé òun ń sunkún, tí kò lè sọ ọ́ parí.

Ojú ẹ̀rọ tàn. MOPELOLA AKINLUYI. SUN. BEENI TABI BEEKO?

Ohun tó ti rí nígbà márùndínlọ́gbọ̀n láti àárọ̀ nìyẹn. Lẹ́tà kan náà. Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Àpótí náà jáde kúrò níbi tó wà, ó bọ́ sórí irin tó ń gbé wọn lọ. Ọ̀tún ni ọ̀nà pẹpẹ. Òsì ni ọ̀nà ààrò. Ó rìn dé ibi tí ọ̀nà ti pín, ó dúró bí ẹni tó ń ronú, ó yà sósì.

"Ó dàárọ̀, Mopélọ́lá," ni Bàbá wí. Ọ̀sán gangan ni. Ó gbé ọwọ́, ó juwọ́ sí i.

Àyìnkẹ́ tẹ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tún un tẹ̀, ó fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ̀ ẹ́. Bọ́tìnnì yẹn kì í dáhùn lẹ́yìn tí àpótí bá ti gbéra. Lápá ibẹ̀ lọ́hùn-ún, ilẹ̀kùn irin ṣí, ó pa dé, ó ṣe gbì. Lẹ́yìn náà, atẹ́gùn gbígbóná rọra gba ilẹ̀ kọjá, ó kàn wọ́n lọ́rùn ẹsẹ̀.

"Ibí yìí móoru díẹ̀," ni Bàbá wí.

"Fáànù ni wọ́n pa, sà."

"Ẹ̀n-ẹn." Ó ṣì ń wo ibi tí àpótí náà gbà lọ. "Ṣé ó ti sùn?"

Kò ju pé kó sọ ọ́ lọ. Nígbà yẹn gan-an ló yẹ kó sọ ọ́. Ó la ẹnu, ẹ̀rù ti ẹnu náà pa dé, ó tún un là.

"Ó ti sùn, sà."

"O ṣé, ọmọ mi. O ṣé gan-an ni."

Nígbà tó di aago mẹ́rin, tí ẹni kọkànlélógójì ti lọ, omi yọ. Wọ́n gbọ́ igbe láti géètì wá, àwọn èèyàn ń pe ara wọn, kẹ́ẹ̀gì ń kọlu kẹ́ẹ̀gì, ẹnì kan ń jó. Làmídì sáré jáde lọ wò ó. Àyìnkẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá Etí, kò dìde.

*

Ìwé kò lè mú Àyìnkẹ́. Ó ti wò ó. Ìwé tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde lọ́jọ́ yẹn, SUN ló wà lórí rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìgbà mọ́kànlélógójì, wọn kò yàtọ̀ síra wọn. Tí òun bá dákẹ́, ó ti dákẹ́ náà nìyẹn. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀, àyàfi tí òjò bá dé.

Tó bá sì sọ ọ́? Ó mọ ohun tó wà nínú òfin. Ẹni tó bá sun ẹ̀dà kan ṣoṣo láìsí àṣẹ, wọ́n á gba àyè ìdílé rẹ̀ lórí pẹpẹ. Àwọn tó ń sùn pàápàá ní òtútù tí wọ́n ń lò, òtútù náà iná ni, ìjọba kò sì kọ̀ kí àyè kan ṣí sílẹ̀. Ìyẹn ni pé Adìgún á lọ sí ààrò. Adìgún tó máa ń pè é ní "Àyìn" láti ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n ti mú un sùn láti ọdún mẹ́rin, kò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìgbà yẹn, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ó máa ń fi ọwọ́ kan àpótí náà tó bá ń kọjá.

Lọ́jọ́ Ajé, Bàbá Akínlùyì tún dé. Kì í ṣe ọjọ́ rẹ̀. Ó gbé ìjókòó rẹ̀ dání.

"Mo kàn ní kí n wá jókòó tì í. Mi ò ní yọ yín lẹ́nu. Èwo ni tiẹ̀?"

Àyìnkẹ́ wo àwọn pẹpẹ náà. Ẹgbẹ̀rún kan ó lé ni àpótí tó wà níbẹ̀, bákan náà ni gbogbo wọn rí. Ọwọ́ rẹ̀ gbéra fúnra rẹ̀. Ibi kan ṣoṣo tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ló nà sí.

"Pẹpẹ kẹsàn-án, sà. Ẹ̀kẹrin láti òsì."

Bàbá lọ síbẹ̀. Ó jókòó. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àpótí Adìgún.

"Ó dákẹ́ jẹ́ẹ́," ni ó wí, inú rẹ̀ dùn sí i. "Nígbà tó wà láyé, ó máa ń hanrun bí alùpùpù. Ìyá rẹ̀ ní kò sẹ́ni tó máa fẹ́ ẹ."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin sí i, orin àwọn ọmọ jẹ́léósinmi kan. Ohùn rẹ̀ ti fọ́, ṣùgbọ́n kò kúrò lójú ọ̀nà. Ibi tó yẹ kó wálẹ̀, ó wálẹ̀.

"Bàbá," ni Àyìnkẹ́ pè é.

"Hẹn, ọmọ mi?"

Bàbá yí ojú sí i, ó ń dúró. Ojú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tó ti ṣe tán láti gbọ́ nǹkan. Àyìnkẹ́ kò lè wò ó.

"Ẹ rọra tí ẹ bá ń lọ. Ilẹ̀ ń yọ̀."

Bàbá wò ó síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. "Mo gbọ́," ló wí, ó sì pa dà sí orin rẹ̀.

Làmídì ti rí gbogbo rẹ̀. Ó dúró dìgbà tí Bàbá lọ.

"Pẹpẹ kẹsàn-án? Ṣebí ibẹ̀ ni Bàbá Mótún wà?"

Àyìnkẹ́ ń nu ojú Etí pẹ̀lú aṣọ. Ó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Ó ń nù ún.

"Ìyá Mótún." Làmídì gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Mi ò bi yín ní nǹkan kan o. Ẹ má sì sọ ọ́ fún mi. Mo ní ìyá lórí pẹpẹ kejì."

*

Ní Ọjọ́rú, láàárọ̀, Ìyáàfin Adépèjì dé láti Ọ́fíìsì Ìwọ̀n-Iná. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, kò tíì pé ogójì ọdún, ó máa ń kí àgbà dáadáa. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ẹ̀rù rẹ̀ ba Àyìnkẹ́ jù. Ó ti ránṣẹ́ pe Bàbá Akínlùyì. Wọ́n jókòó yí tábìlì kan ká nínú yàrá àbáwọlé, Làmídì dúró sí ẹnu ọ̀nà.

Adépèjì tẹ́ ìwé gígùn kan sórí tábìlì. Ìlà kan ló wà lórí rẹ̀, ó ń lọ tààrà, tààrà, lẹ́yìn náà ó gun òkè lójijì, ó tún bọ́ sílẹ̀.

"Ìwé mítà nìyí, ti Ọjọ́bọ̀. Ẹ wo ibí yìí, Ìyá Mótún. Aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tí ẹ̀dà bá ń lọ sùn, iná ń dín kù ni. Èyí lọ sókè. Nǹkan kan ṣoṣo ló ń jẹ iná báyìí nínú ilé yìí, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n."

Kò sẹ́ni tó pe ààrò lórúkọ.

"Ẹni kẹrìndínlọ́gbọ̀n ló bọ́ sí àsìkò yẹn," ni Adépèjì wí. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, kí lẹ pè?"

Àyìnkẹ́ wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Sùn ni mo pè."

"Ẹ dákun, ẹ tún un sọ."

"Sùn. Sùn ni mo pè." Lọ́tẹ̀ yìí, ó wálẹ̀ bó ṣe yẹ kó wálẹ̀ gẹ́lẹ́.

Adépèjì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó yí sí Bàbá, ohùn rẹ̀ sì rọ̀.

"Ẹ má bínú, sà. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí á dùn yín. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ ẹnu kejì. Tó bá jẹ́ sùn lẹ gbọ́, Etí ló ṣìnà, a ó tì í pa, a ó yẹ gbogbo ilé yìí wò. Tó bá jẹ́ èkejì lẹ gbọ́, ti ẹni tó pè é nìyẹn. Ẹ kàn pè é bí ẹ ṣe gbọ́ ọ, kí n kọ ọ́."

"Báwo lo ṣe máa kọ ọ́?" ni Bàbá bi í. "Ìwé yín ò lámì."

"Màá fi ọwọ́ ara mi fi àmì sí i, sà."

Bàbá mi orí díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí orúnkún.

"Etí mi ṣì dáa," ni ó wí. "Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ogbó ti dí i. Tí ọmọ kan bá ṣìnà nínú ogójì ọmọ tó ń kọrin, màá mọ ẹni náà."

"Mo gbà, sà. Kí lẹ wá gbọ́?"

Làmídì yí ẹsẹ̀ pa dà níbi tó dúró sí. Odò ń sáré lábẹ́ ilé, wọ́n ń gbọ́ ọ. Àyìnkẹ́ ń wo ọwọ́ Bàbá, ọwọ́ tó gbé lé àpótí ọkọ òun lọ́jọ́ Ajé, tó ń rọra fi lù ú bí ẹni tó ń mú ọmọ sùn. Ó pẹ́ tó ti ń wo ọwọ́ náà. Nígbà tí Àyìnkẹ́ sọ̀rọ̀, ó dà bí ẹni pé ẹlòmíràn ló sọ ọ́.

"Re ni."

Gbogbo wọn yí ojú sí i.

"Re ni mo pè. Mo ní kí n pe dò, mo ti ní in lọ́kàn, ẹkún ló gbé e. Mo rí i tó yà sósì. Mo tẹ bẹ́ẹ̀ kọ́, kò dáhùn." Ó ti kúrò lórí àga, ó ti wà lórí eékún. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Kò sùn. Mopélọ́lá kò sí níbì kankan mọ́. Àpótí tí ẹ jókòó tì, ọkọ mi ló wà níbẹ̀."

Adépèjì gbé bírò sílẹ̀.

"Ìyá Mótún, ẹ mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí pẹpẹ kẹsàn-án?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Ẹ lè ronú kí n tó kọ ọ́."

"Ẹ kọ ọ́."

Adépèjì kọ ọ́. Ó fi àmì sí i, ó mí sóde. "Ẹnu kan nìyẹn. Òfin kò lè fi ẹnu kan ṣiṣẹ́. Bàbá, ó ku tiyín. Ṣé òótọ́ ló sọ?"

Bàbá Akínlùyì ń wo Àyìnkẹ́. Àyìnkẹ́ wá ìbínú lójú rẹ̀, kò rí i. Ó wá àánú, kò rí ìyẹn náà. Ojú arúgbó ni, ó ti rẹ̀ ẹ́. Kò yà á lẹ́nu. Ìyẹn ló rí, pé kò ya Bàbá lẹ́nu.

"Bàbá, ṣé ẹ gbọ́ ọ lọ́jọ́ yẹn?" Kò mọ ìgbà tó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. "Ṣé ẹ ti mọ̀ kí ẹ tó juwọ́ sí i? Ẹ sọ fún mi. Kí wọ́n mú Adìgún lọ, kò burú, ẹ ṣáà sọ fún mi."

Bàbá yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, jẹ́jẹ́. Ó dìde. Ó gbé ìjókòó rẹ̀ sábẹ́ abíyá.

"Ọ̀rọ̀ méjèèjì, kò sí èyí tí ẹnu mi máa pè nínú wọn," ni ó wí. "Ẹ má bi mí mọ́."

"Sà," ni Adépèjì wí, "tí ẹ ò bá sọ̀rọ̀, mi ò lè dá Ìyá Mótún lẹ́bi, mi ò sì lè dá a láre, a ò sì ní fọwọ́ kan pẹpẹ kẹsàn-án. Bó ṣe máa wà nìyẹn o. Títí láé ni."

Bàbá kọ ojú sí ilẹ̀kùn. Làmídì yẹ̀ fún un.

"Bàbá," ni Àyìnkẹ́ pè é láti ilẹ̀. Ó tún un pè. Ó pè é ní tíṣà, bó ṣe máa ń pè é nígbà tó wà ní kékeré.

Bàbá Akínlùyì dúró. Ó gbọ́ ọ, gbogbo wọn rí i pé ó gbọ́ ọ. Ó pa ètè mọ́ra, ó mi orí lẹ́ẹ̀kan, ó sì jáde.